Bí Ìjàpá Ṣe Sọ Rárá fún Àkàlàmàgbò

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò. Kò balẹ̀ sí Ìbàdàn, kò balẹ̀ sí Àkúrẹ́. Ó gba orí òkun kọjá, ó di Uttlesford ní ẹkùn Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá balẹ̀ gbàmù sórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo. Ẹ má bi mí pé kí ni Ìjàpá ń wá lọ́hùn-ún. Ilé ta ni wọn ò ti ní ẹnì kan lọ́hùn-ún?

Ìlú oko ni Uttlesford. Saffron Walden ni káńsù ibẹ̀ ń jókòó sí, àwọn abúlé rẹ̀ sì fọ́n káàkiri: Thaxted, Takeley, Stansted tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Igbó kan wà nítòsí tí wọ́n ń pè ní Hatfield Forest, níbi tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín láyé àtijọ́. Àwọn ẹranko tó ń gbé agbègbè náà ò fẹ́ wàhálà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò ju kí koríko tutù, kí ilé wọn máa gbówó lórí, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ nǹkan kan sí iwájú fèrèsé wọn.

Àkàlàmàgbò ni ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Nígbà ogun Hitler ló dé. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló la pápá sílẹ̀ fún un ní Stansted, wọ́n ṣí i ní 1943. Ogun parí, sójà lọ sílé, Àkàlàmàgbò ní òun ò ríbi lọ. Lẹ́yìn 1960, ìjọba ní òun fẹ́ sọ ọ́ di pápákọ̀ òfurufú kẹta fún London. Àwọn baba àwọn ẹranko wọ̀nyí figbe ta, ìjọba sì fà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Ní 1991, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fúnra rẹ̀ wá ṣí ilé onígíláàsì ńlá kan fún ẹyẹ náà. Ta ló fẹ́ bá ọba jà?

Àwa náà mọ pápá yìí, kì í sì í ṣe nítorí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú nìkan. Ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Ghana padà sílé lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà 2017, tí àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan fi de ara wọn mọ́ bàálù náà, tí kò fi lè gbéra. Àlọ́ mìíràn nìyẹn, ó ní orin tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ná: ta ni ẹ rò pé ó ni Àkàlàmàgbò? Ẹ ó ní olówó kan báyìí báyìí ni. Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ pápákọ̀ ti Manchester ló rà á ní 2013, káńsù ìlú Manchester àti káńsù mẹ́sàn-án tó yí i ká ló sì ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ náà. Ariwo ń bọ́ sórí Thaxted, èrè ń lọ tún títì ṣe lápá àríwá. Káńsù kan ń ké, káńsù mẹ́wàá ń kówó.

Ní Thaxted yìí ni Ehoro ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ etí Ehoro. Etí tí Elédùmarè fún un kó lè máa fi gbọ́ ẹsẹ̀ ọdẹ láti òkèèrè, òun ló ń fi gbọ́ bàálù àárọ̀ kó tó gbéra ní Spéìn. Àgùntàn ni aládùúgbò rẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀hónú tí wọ́n gbé dé ojúlé tí Àgùntàn ò fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìsinmi ọmọ iléèwé tí kì í wọ bàálù lọ Alicante, nítorí owó rẹ̀ ò tó owó rélùwéè dé London. Bí Ehoro bá wò ó lójú, á ní, “Èyí tí mò ń wọ̀ kì í pariwo.” Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ kì í wá sí ìpàdé kankan. Pápákọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará agbègbè náà ti ń jẹun.

Ó di 2018. Àkàlàmàgbò wọ inú káńsù, ó ká ìyẹ́ apá mọ́ra, ó kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

“Ẹ̀yin àgbà,” ó ní, “ìjọba ti gbà mí láyè kí n máa gba èrò mílíọ̀nù 35 lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó di mílíọ̀nù 43. Bíbalẹ̀ àti gbígbéra bàálù ò ní ju 274,000 tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ lọ. Bàálù ló máa tóbi sí i, èrò ló máa kún inú rẹ̀.”

Ehoro nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. “Bó bá tóbi sí i, ṣé kò ní pariwo sí i ni?”

“Ìyá àwọn ọmọ, bàálù ìwòyí ò pariwo bíi ti àtijọ́.”

“Ẹ wá sùn lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ kan.”

Àkàlàmàgbò ní òun ní ìpàdé.

Nínú oṣù Bélú, ìgbìmọ̀ ètò ilẹ̀ jókòó lé e lórí. Mẹ́wàá ni wọ́n. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Márùn-ún ní kí ẹyẹ máa gbòòrò, márùn-ún ní kó má gbòòrò. Òfin káńsù sì wí pé bí ìbò bá dọ́gba, kí alága dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbò ni alága. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ìwo ta bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí! Wọ́n tú ká.

Wọ́n rò pé ó parí ni. Ìjàpá wà ní ìjókòó àwọn ará ìlú lẹ́yìn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kò bínú bí àwọn yòókù ṣe ń bínú. Orí ló ń mì. Nígbà tó délé, ó sọ fún Yánníbo pé òun ti rí iṣẹ́.

Bí ìbò ọdún 2019 ṣe ń sún mọ́lé, Ìjàpá gbé ìlù kọ́ ọrùn, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé. Orin tó ń kọ nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀yin ará Uttlesford,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Ta ló ń jí ọmọ yín lóru?
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Ta ló ń já àlá àgbà sí méjì?
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Ẹ dìbò fọ́kọ Yánníbo,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Rárá ni n ó sọ fẹ́yẹ,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Rárá gbuurugbu, rárá gẹ̀dẹ̀gbẹ̀,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Rárá tí ò ní bẹ́ẹ̀ ni nínú,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*

Orin náà dùn. Àgùntàn kọ ọ́ nínú bàálù ní àlọ àti àbọ̀ Alicante. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní oṣù Èbìbí, ẹgbẹ́ àwọn olùgbé tí Ìjàpá bá wọlé gba ìjókòó 26 nínú 39. Èyí tó kù fún àwọn tó ń ṣàkóso tẹ́lẹ̀ ò kún ọwọ́ kan. Ìjàpá rán agbádá.

Yánníbo bá a tún fìlà ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Baálé mi, ìgbìmọ̀ àná ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí lẹ fẹ́ fi pa á rẹ́?”

“Rárá ni.”

“Mo mọ̀. Rárá ta ni? Pẹ̀lú kí ni?”

Ìjàpá ní obìnrin ò mọ òṣèlú, ó bọ́ síta.

Nínú oṣù Òkúdù, káńsù tuntun ní kí ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ètò ilẹ̀. Òwìwí ni ọ̀gá àwọn akọ̀wé tó ń bójú tó ètò ilẹ̀. Òru ló fi ń kàwé, kò sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó wọlé tọ Ìjàpá lọ, ìwé rẹpẹtẹ wà lábẹ́ apá rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “a ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. A ò rí ohun kan tó yí padà láti ọjọ́ tí Àgbò ti dìbò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ rárá, ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ Àkàlàmàgbò máa pe ẹjọ́, rárá tó bá sì ń lọ sílé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ lẹ́sẹ̀ tó máa fi dúró. Ẹ wá ẹni tó máa fi ẹ̀rọ wọn ariwo, ẹni tó máa wọn èéfín, ẹni tó máa ka mọ́tò lójú títì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì múra láti wá bá wa jẹ́rìí.”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì. “Òwìwí, ẹyẹ ni ìwọ náà. Èmi náà ti mọ̀ pé ẹyẹ ò ní sọ̀rọ̀ ẹyẹ láìdáa.”

“Ọ̀gá, ẹ̀rí ni mò ń sọ.”

“Ẹ̀rí wo? Ṣó ò rí etí Ehoro ni? Ẹ̀rí wo ló tún gùn tóyẹn?”

Àwọn kánsẹ́lọ̀ pàtẹ́wọ́. Òwìwí kó ìwé rẹ̀, ó kọ sínú èyí tó kẹ́yìn pé òun ti sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì ní rárá. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n kọ: ariwo bàálù; afẹ́fẹ́ tó ń bàjẹ́; ayé tó ń gbóná; ọ̀nà àti àwọn ohun amáyédẹrùn tí ò ní gba èrò tó ń bọ̀. Èmi tí mò ń pàlọ́ ò ní kẹ́ ẹ fi ọ̀kankan nínú wọn ṣeré o. Òótọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ní kí ayé má gbóná mọ́, tó tún ní kí pápákọ̀ máa gbòòrò, ó yẹ kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi òṣùwọ̀n wọ̀n, bó bá dé iwájú lọ́yà, ìsọkúsọ ni wọ́n ń pè é. Ìjàpá ò rán ẹnikẹ́ni lọ wọn nǹkan kan. Ó kó ìdí mẹ́rin jọ, ó tò wọ́n sínú ìwé, ó ní ó tó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ijó ni gbogbo Saffron Walden fi sùn. Ìjàpá gun orí tábìlì:

Mo ti sọ rárá o,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Apá Àkàlà ti ká,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*
Ehoro, lọ rèé sùn,
*Hùùn, ó ń bọ̀!*

Ìjàpá dáwọ́ ìlù dúró. “Kí lẹ tún ń gbè ‘ó ń bọ̀’ sí? Mo ní kò bọ̀ mọ́! Ẹ yí ègbè padà.” Wọ́n gbìyànjú, wọ́n gbìyànjú, ègbè ò yí. Orin tó ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu láti ìgbà ìpolongo ìbò, kì í yá yí.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, àrùn kòrónà ti ayé pa. Bàálù tò sílẹ̀ ní Stansted, wọn ò ríbi lọ. Ehoro sùn lóru àkọ́kọ́, ó sùn lóru kejì. Ní òru kẹta, ìdákẹ́jẹ́ jí i. Ìjàpá bọ́ síta, ó ní ṣé wọ́n ti rí ohun tí rárá òun ṣe. Ewúrẹ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Àkàlàmàgbò ò sùn ní tirẹ̀. Ó ti pe ẹjọ́. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, adájọ́ ètò ilẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́jọ́, Lékèélékèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aṣọ funfun, ojú kan náà. Nítorí kòrónà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbọ́ ọ, olúkúlùkù wà nílé rẹ̀ nínú àpótí kékeré lójú kọ̀ǹpútà. Káńsù ti gba lọ́yà olówó ńlá, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láti London. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ka ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí ìwé wò lódì bóyá nǹkan kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí. Ó wá dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

“Ẹ̀yin olúwa mi,” ó ní, “ẹni tó rán mi níṣẹ́ ò sọ pé kí ẹyẹ má gbòòrò.”

Lékèélékèé àárín ní, “Kí ló wá sọ?”

“Ó ní ẹ fún un láyè. Kẹ́ ẹ ṣáà so okùn díẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.”

Ehoro rò pé etí òun ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ gbọn ọ̀tún, ó gbọn òsì. Rárá gbuurugbu, rárá gẹ̀dẹ̀gbẹ̀, òun ló wá di okùn ẹsẹ̀! Ìjàpá rí ojú àwọn tó dìbò fún un nínú àpótí wọn, ó sáré gbé ìlù, ó ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọrùn rẹ̀ ń nà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti gbàgbé láti ṣí ohùn lójú kọ̀ǹpútà. Ní ojú ọ̀run Thaxted, bàálù akẹ́rù kan tí kòrónà ò dá dúró wá kọjá, òun ló dá gbe ègbè:

*Hùùn, ó ń bọ̀!*

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló jà dópin. Láti 2002 ni àwọn ará ìlú ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dènà ẹyẹ yìí. Àwọn ni wọ́n da owó ara wọn jọ, wọ́n wá ìwé, wọ́n dúró níwájú àwọn Lékèélékèé, Ehoro sì wà láàárín wọn. Ohun tó yẹ kí káńsù ṣe ni wọ́n ṣe. Àmọ́ wọn kì í ṣe káńsù, wọn ò sì ní agbádá.

Ìdájọ́ dé ní ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí 2021. Àwọn Lékèélékèé ní rere inú ọ̀rọ̀ yìí borí ibi inú rẹ̀ fíìfíì, kí Àkàlàmàgbò máa gba mílíọ̀nù 43. Wọ́n kọ ìwé kejì lé e, èyí tí Ìjàpá ò retí. Wọ́n ní ìwà tí káńsù hù ò bọ́gbọ́n mu: ó kọ ohun tó yẹ kó gbà, kò sì rí ẹ̀rí gbe ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, kó san owó tí Àkàlàmàgbò ná lórí ẹjọ́.

Ìjàpá ní òun ò gbà, ó gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ. Wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà.

Níbo ni wọ́n ti mú owó náà? Nínú àpò káńsù ni. Ta ló ń da owó sí àpò káńsù? Àgùntàn ń dá a, Ewúrẹ́ ń dá a, Ehoro ń dá a lóṣooṣù. Ehoro wá di ẹni tó sanwó fún lọ́yà ẹyẹ tí ò jẹ́ kó sùn. Ó tún sanwó Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ní kí wọ́n fún ẹyẹ láyè.

Ó lọ bá Ìjàpá nílé. Yánníbo ló ṣílẹ̀kùn, ó wo Ehoro lójú, ó yà fún un kó wọlé.

“Bàbá,” Ehoro ní, “ẹ ò ṣe wá ẹni tó máa wọn ariwo yẹn?”

Ìjàpá ti ki orí bọ inú igbá. Ohùn rẹ̀ ń ti inú lọ́hùn-ún wá. “Ìyá Ehoro, mo ṣèlérí rárá, mo sì sọ rárá. Ta ló sọ fún yín pé ó máa ṣiṣẹ́?”

Nígbà tó di oṣù Èrèlé 2022, Kìnnìún tó jẹ́ mínísítà ní London wo ìwé, ó rí i pé ìpinnu ńlá tí wọ́n ti wó mọ́ káńsù yìí lórí ti pọ̀ jù. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ohun ńlá sí Uttlesford lè gba ẹ̀yìn káńsù kọjá, kó gbé ìwé rẹ̀ tọ àwọn Lékèélékèé lọ tààrà. Káńsù tó fẹ́ dá ẹyẹ kan dúró ò wá lè ní kí ẹnikẹ́ni dúró gbọ́ tẹnu òun mọ́. Àwọn kọ́lékọ́lé gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ tiwọn, ìyẹn ò sì nílò ègbè.

Ìjàpá ṣì wà. Ó ti rí títì tó ní ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ Takeley, ó ti ń wá orin tó máa bá a mu. Àkàlàmàgbò náà ṣì wà. Mílíọ̀nù 43 ò tó o mọ́, ó ti padà wá tọrọ mílíọ̀nù 51. Wọ́n ní Ehoro ti lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń kọ iye tó bá kà sínú ìwé lóru lóru, ó ń fọwọ́ sí i. Òwìwí máa ń yà síbẹ̀ nígbà mìíràn, lẹ́yìn iṣẹ́, láti bá a to ìwé.

Bí mo bá purọ́ nínú àlọ́ yìí, kí agogo ẹnu mi má ró. Ẹ tẹ́tí: pó! Ẹ dákẹ́, ó ku méjì. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí bàálù yìí kọjá.